Ibi Tí Odò Ti Ń Jìn: Ọdún Kejì Nínú Ẹ̀kọ́ Èdè Faransé

Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ la odò ńlá kọjá rí mọ̀ pé kì í ṣe etí odò ni ẹ̀rù ti í ba ènìyàn, bí kò ṣe àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí yanrìn ti ń yọ́ lọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí omi ti mu ni dé àyà, tí bèbè tí a ti kúrò ti jìnnà sẹ́yìn, tí bèbè tí a sì ń lọ kò tíì súnmọ́ tó ohun tí a lè nawọ́ gán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀kọ́ èdè àjèjì rí, pàápàá èdè Faransé tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọ́ ní yunifásítì àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé àwọn tí ó ń pa á tì kì í sábà pa á tì ní ọdún kìíní, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣàjèjì sí wọn. Ọdún kejì ni wọ́n ń sá, nígbà tí ó yẹ kí ó ti mọ́ wọn lára. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ orí ìwé yìí, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe ọgbọ́n ni ó wọ́n wọn, bí kò ṣe pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi la etí odò ni wọ́n ṣì dì mú nígbà tí omi ti jìn.

Ní ọdún kìíní, èrè ni gbogbo ohun tí ènìyàn bá gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀ a mọ bonjour lónìí, a mọ merci lọ́la, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po a ti lè sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀, àwọn ará ilé a sì máa pè é jáde níwájú àlejò pé kí ó sọ ọ́ kí àwọn gbọ́. Olùkọ́ a máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń fún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀kọ, ìdánwò kì í sì béèrè ju ohun tí a ti kọ sójú pátákó lọ. Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé lè jókòó ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, kí ó kó gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni tí ń kó iṣu sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó sì yege. Àṣeyọrí yìí gan-an ni í di pańpẹ́ fún un, nítorí ó ti gbà pé bí a ti ja ogun àná tí a fi ṣẹ́gun náà ni a ó ṣe ja ti ọ̀la.

Ọdún kejì dé, ohùn olùkọ́ yí padà. Èdè Faransé ni ó fi ń ṣàlàyé èdè Faransé, kì í sì dúró de ẹni tí ó bá kọsẹ̀. Dípò ìtàkùrọ̀sọ onílà mẹ́fà láàárín Pierre àti Marie, ìtàn olójú ewé mẹ́rin ni ó gbé síwájú kíláàsì, ó ní kí wọ́n kà á wá láti ilé. Ó ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n ṣe nígbà èwe wọn, kí wọ́n sì dìde sọ èrò ọkàn wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìwo ìwé. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní àwọ̀ méjì péré lánàá ti wá ní mẹ́jọ. Ohun tí ó burú jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ìlọsíwájú ara rẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, tí a fi ọgọ́rùn-ún mìíràn kún un, yóò rí i kedere pé ohun ìní òun ti di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ̀rún, tí a fi ọgọ́rùn-ún kún un, ó dà bí ẹni pé òjò díẹ̀ rọ̀ sórí odò. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ń tẹ̀síwájú ní tòótọ́, ìpọ̀sí iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti gbìyànjú láti fi ààlà sí ibi tí àárín yìí wà. Ní ọdún 1976 ni wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Un niveau-seuil, èyí tí a lè pè ní ipele ìloro, nítorí pé ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kì í ṣe ará ìta mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì wọ yàrá. Nígbà tí ó di 2001, a tẹ òṣùwọ̀n tí ó gbòòrò jù ú lọ jáde, onípele mẹ́fà, láti A1 dé C2, B1 sì ni wọ́n fi ìloro náà sí. Ẹni tí ó bá dé B1 lè rìnrìn àjò níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà láìsọnù, ó lè ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó lè sọ ìdí tí òun fi fẹ́ nǹkan tàbí tí òun kò fi fẹ́ ẹ. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kan nínú èyí tí a ti béèrè pé kí ó má ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìbá fọkàn balẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí fún wọn ní ọjọ́ kìíní ọdún kejì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí kíláàsì bá ń pàdé fún wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí sáà ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí 45 ni ó wà nínú sáà kan, 90 ni ó wà nínú ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ tí ń lọ sí òkè òkun ní èdè, èyí tí a ń pè ní Foreign Service Institute, ti fi ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé àgbàlagbà tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ nílò nǹkan bíi wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì kí ó tó lè fi èdè Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni Faransé wà lára àwọn èdè tí wọ́n kà sí èyí tí ó yá jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ni wákàtí 90 yóò ṣe nínú èyí? Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé wákàtí méjì nílé ni kí ó máa tẹ̀lé wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ìkà ènìyàn ni. Òfin tí ó wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa pé ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní jókòó ìdánwò dára, ṣùgbọ́n àga lásán ni òfin lè fi ènìyàn sí. Kíláàsì ni ibi tí a ti ń fún ni ní irúgbìn. Oko ni ilé.

Irú iṣẹ́ wo wá ni kí a ṣe nínú oko náà? Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé mo ti rí ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú tí kò sì kórè, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó ń jẹ ẹ́ níyà.

Ní ọdún 1885, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí, ara òun tìkára rẹ̀ ni ó sì fi ṣe gbogbo ìdánwò tí ó wà nínú rẹ̀. Ó kó àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ jọ lẹ́sẹẹsẹ, ó kọ́ wọn sórí títí ó fi lè kà wọ́n láìkọsẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún padà kọ́ wọn, ó ń wo bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dín ìyà ti ẹ̀ẹ̀kejì kù tó. Ó rí i pé bí òun bá padà lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó lé ní ìdajì nínú làálàá náà tí ó yẹ̀ lórí òun, ìyẹn 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34. Lẹ́yìn oṣù kan, 21. Ìgbàgbé a máa sáré ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni í rọra rìn. Wákàtí tí ó tẹ̀lé kíláàsì gan-an ni ohun tí a kọ́ ń ṣàn lọ jù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánwò. Ẹni tí ó bá kúrò ní kíláàsì tí ó fi ìwé sínú àpò tí kò sì tú u títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, agbọ̀n ni ó fi pọnmi.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rí ohun kejì tí ó fi ọkàn mi balẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó rí i pé bí òun bá tún sílébù kan náà kà ní ìgbà 38 tí òun pín sí ọjọ́ mẹ́ta, èrè rẹ̀ tó èrè ìgbà 68 tí òun kó jọ ka ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọpọlọ kan náà ni, ìwé kan náà ni, àlàfo tí ó wà láàárín ni ó dín iṣẹ́ kù. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀, àwòrán, orúkọ àti ìṣirò dán èyí wò láti ìgbà náà wá, ọ̀rọ̀ náà kò sì yẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àwọn bàbá wa ni ó sọ bẹ́ẹ̀ kí Ebbinghaus tó mú ìwé. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn fún akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ju wákàtí márùn-ún ní alẹ́ ọjọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí márùn-ún pọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú méje lọ fíìfíì.

Bí a bá ti mọ ìgbà tí a ó padà, ó kù kí a mọ ohun tí a ó ṣe bí a bá padà. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí mo bá béèrè bí wọ́n ti ń kàwé, wọn a ní, “Mo ń tún un kà ni, sà,” wọn a sì fi ìwé hàn mí tí wọ́n ti fi ìkọ̀wé aláwọ̀ ìyeyè pa láró láti òkè dé ilẹ̀. Ní ọdún 2008, Jeffrey Karpicke àti Henry Roediger tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ogójì ọ̀rọ̀ èdè Swahili, tí wọ́n ń sọ ní ìlà oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Gbogbo wọn kọ́ ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi dáhùn kọ̀ọ̀kan dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà pínyà: a ń bi àwọn kan léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, àní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbà, a dẹ́kun bíbi àwọn mìíràn léèrè ohun tí wọ́n ti gbà, wọ́n kàn ń tún un wò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn tí a ń bi léèrè rántí nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí a kò bi léèrè mọ́ kò rántí ju nǹkan bí 35 lọ. Ohun tí ó sì yẹ kí ó ká wa lára jù ni pé nígbà tí a ní kí gbogbo wọn sọ iye tí wọ́n rò pé àwọn yóò rántí, nǹkan bí ìdajì ni gbogbo wọn dá lébàá, ẹni tí yóò rántí àti ẹni tí yóò gbàgbé bákan náà. Ojú tí ó ti rí ọ̀rọ̀ rí a máa tan ọkàn jẹ pé ẹnu lè pè é jáde. Bẹ́ẹ̀, mímọ ènìyàn lójú kì í ṣe mímọ orúkọ rẹ̀. Ta ni kò tíì pàdé ẹni tí ó mọ̀ dáadáa lójú ọ̀nà tí orúkọ kò sì wá sí ẹnu?

Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ní kò gbówó lórí. Wọn a fa ìlà sí àárín ojú ewé. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ Faransé sí ọwọ́ kan, wọn a kọ Yorùbá rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ti Faransé, wọn a wo ti Yorùbá, wọn a sì fi ẹnu pe ohun tí ó farasin jáde, kí ó dún, kí wọ́n tó ṣí ọwọ́ wò. Èyí tí wọ́n bá ṣì, wọn a sàmì sí i, a padà sórí rẹ̀ lọ́la. Èyí tí wọ́n bá gbà, a padà sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Kí wọ́n má sì kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan sílẹ̀ ní ìhòòhò. Yorùbá kò ya tábìlì sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé pé ọ̀kan jẹ́ abo, èkejì jẹ́ akọ, òun ni a sì ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ Faransé wọlé láìgbé le tàbí la tí ó wà níwájú rẹ̀. Table kò sí. La table ni ó wà. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ lọ́tọ̀ yóò ná owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọjà kan.

Mo wá dé ibi tí ó ṣe mí lọ́kàn jù. Àwọn ọmọ wa máa ń gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Faransé bí ẹni pé Yorùbá jẹ́ ẹrù tí a gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nínú àpò Yorùbá ni ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n fẹ́ ná wà. Olùkọ́ a ní kí wọ́n ka quatre-vingts, ìyẹn “mẹ́rin-ogún”, gbogbo kíláàsì a kérora pé kí ló dé tí àwọn Faransé fi ń ka 80 ní ẹ̀ka ogún. Kí ni ọgọ́rin tiwa? Ogún mẹ́rin ni, kò dín, kò lé. Níbi tí ọ̀nà ti pínyà ni pé nígbà tí àwa bá dé 70, a ó dúró sí 80 wò ó, a ó yọ mẹ́wàá kúrò, a ó ní àádọ́rin. Àwọn a dúró sí 60, wọn a fi mẹ́wàá kún un, soixante-dix. Àwọn ará Belgium àti Switzerland tilẹ̀ ń sọ septante fún 70, wọ́n ti fi ìṣirò ogún sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò tún ní bẹ̀rù quatre-vingt-dix-neuf mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tu àti vous. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyàtọ̀ láàárín o àti ẹ, ẹni tí ó bá gba ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó yóò máa kọ́ ọ bí ẹni kọ́ òfin ìlú àjèjì. Ṣé a óò kọ́ ọmọ Yorùbá ní pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ náà ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo? Ibi méjì péré ni kí ó ti ṣọ́ra. Ọmọ ilẹ̀ Faransé lónìí a máa pe bàbá àti ìyá rẹ̀ ní tu, kò sì ṣe àfojúdi. Èkejì ni pé àwa a máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, a ní “Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun”. Àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ka àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bàbá rẹ̀ di bàbá méjì ní ìlà kejì, nítorí pé ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni, kò lè kọ il fún bàbá rẹ̀, ils ni ó ń kọ. Mo fi ìkọ̀wé pupa sí i, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ilé tí ó ti wá.

Ohun tí ó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì jáde jù lọ ni passé composé àti imparfait, àwọ̀ méjì tí Faransé fi ń wọ aṣọ fún ohun tí ó ti kọjá. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: “Nígbà tí bàbá wọlé, mo ń jẹun.” Quand papa est entré, je mangeais. Wọlé tí kò ní nǹkan kan níwájú, tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó sì parí, òun ni passé composé. Ń jẹun tí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́, òun ni imparfait. “Nígbà èwe wa, a máa ń lọ sí odò”: nous allions à la rivière, máa ń ti ìṣe àtìgbàdégbà, imparfait náà ni. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń bá a mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ bíi mọ̀, ga, fẹ́ràn kì í gba ń nínú Yorùbá bẹ́ẹ̀ ni Faransé yóò fi imparfait sí i, je savais, il était grand. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ń àti máa ń ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ yóò rìn jìnnà ju ẹni tí ó há òfin olójú ewé méjì sórí lọ.

Subjonctif ńkọ́, tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba ọmọ? “Mo mọ̀ pé o wá”: je sais que tu viens. “Mo fẹ́ kí o wá”: je veux que tu viennes. Pé ni ó di kí, ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé sì yí padà. “Ó yẹ kí a lọ,” “kí ó tó lọ,” níbi tí kí bá ti yọjú, ẹ máa fura sí subjonctif. A ó rí ọlọ̀tẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí j'ai peur que tí ó fẹ́ subjonctif níbi tí àwa ti ń sọ pé “ẹ̀rù ń bà mí pé”, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò pọ̀ tó ará ìlú.

Etí wa náà kò ṣófo. É inú été ni e inú ewé, è inú mère ni ẹ inú ẹsẹ̀, beau ní o inú owó, porte ní ọ inú ọkọ̀; ìró àránmúpè tí ó ń da àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì láàmú wà lẹ́nu wa láti ìgbà tí a ti ń fà sí ọmú, nítorí pé bon kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìdí ìbọn. Ìṣòro tiwa wà níbòmíràn: an àti ọn jẹ́ ìró kan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà banc àti bon a máa dún bákan náà. A kò ní z, a máa ń pe poison, májèlé, bíi poisson, ẹja. A kò sì ní u tí Faransé ń pè nínú tu àti rue. A fi ou tiwa rọ́pò rẹ̀, rue tí í ṣe òpópónà a di roue tí í ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìwé kò lè wo èyí sàn. Ẹnu àti etí ni yóò wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni ilẹ̀ Kánádà kọ́ wa. Ní ọdún 1965, ní Saint-Lambert tí ó wà lẹ́bàá Montréal, àwọn òbí tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mú kí ilé ìwé máa fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìlànà náà sì tàn káàkiri Kánádà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ inú irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ bí àwọn tí a bí sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tàbí tí wọ́n bá kọ̀wé, gírámà wọn ń mẹ́hẹ. Merrill Swain, onímọ̀ nípa èdè, kọ ọ́ ní 1985 pé gbígbọ́ nìkan kò tó: ẹni tí ń gbọ́ lè fi òye gbá ìtumọ̀ mú láìwo ìdí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ ọ́ kò lè sá fún un, nígbà tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ tì ni ó tó mọ ibi tí àlàfo wà nínú ìmọ̀ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbọ́ ìròyìn Radio France Internationale ní òwúrọ̀, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó pa rédíò lẹ́yìn náà, kí ó sì ròyìn ohun tí ó gbọ́ fún ògiri yàrá rẹ̀ bí kò bá rí ènìyàn. Ìtìjú ni olè tí ń jí ohùn àwọn ọmọ wa gbé. Ọmọ ọdún méjì a sọ ìsọkúsọ títí yóò fi sọ ọ̀rọ̀ gidi. Àgbàlagbà ni ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun pé kí ó tó jáde, ìdí nìyẹn tí kò fi jáde.

Nítorí ìtìjú yìí ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àjárá, ní Àgbádárìgì, ní 1991, Abúlé Èdè Faransé ti ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì wa ti ń lọ gbé, kí wọ́n lè máa jẹ, kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n sì máa jiyàn nínú èdè náà. Ibi tí wọ́n fi í sí kò ṣàì ní ìtumọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 tí wọ́n fa ààlà, ìdílé Oòduà ni ìlà náà là kọjá: Kétu ọmọ Alákétu, Sábẹ́, Pọ́bẹ̀, Sákétè bọ́ sí ọwọ́ Faransé, àwa yòókù bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Àgbádárìgì, ẹni tí ó bá rékọjá Sẹ̀mẹ̀ yóò dé Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ọmọ ìyá wa tí ń ka ìwé ní Faransé tí ń gbàdúrà ní Yorùbá ni ó kún ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ fún mi. Ó rí ìpele àǹkárá níwájú ìyá aláṣọ kan, ó fẹ́ èyí tí ó wà lókè pátápátá, ó sì fi Faransé tí ó ti ṣe àkọ́túnkọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà béèrè celui du dessus. Ṣùgbọ́n ẹnu Yorùbá ni ó fi pè é, ó di dessous, ìyẹn èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ìyá náà ṣí gbogbo ìpele, ó fa ti ìsàlẹ̀ yọ. Ọmọ náà mi orí, ó tún un sọ, ìyá náà tún aṣọ tò, ó tún fa ti ìsàlẹ̀ yọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òógùn ti bo ọmọ náà, ó kùn sí ara rẹ̀ pé, “Háà, Olúwa mi, ṣé mi ò ní dé ilé báyìí?” Ìyá aláṣọ gbé ojú sókè. “Ìwọ ọmọ yìí, Yorùbá ni ọ́?” Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọjà níbẹ̀. Ìyá náà ní kí ó dìde, ó fa àpótí fún un, ó ní, “Ká ètè rẹ jọ bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé. Má tú u o. Ó dáa, wá fi ètè yẹn pe i.” Ó pè é, kò dún. Ó tún pè é. Àwọn aláṣọ ẹ̀gbẹ́ ti ń dá sí i, ọ̀kan ń káwọ́, èkejì ń pa àtẹ́wọ́. Ìyá náà kò tà á láṣọ títí dessus fi jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sókè, ó mú èyí tí ó wà lókè.